Orúkọ Tí Ìyá Sodiqat Kò Lè Pè

Ọkùnrin kan wà ní Ìsẹ́yìn tó jẹ́ pé bó bá sín, á dúró díẹ̀ kí àwọn èèyàn lè ráyè kí i. Bí wọn ò bá kí i, á tún sín.

Dáníẹ́lì Akínyẹlé lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́ pé báyìí ni mo ṣe pè é, láìfi aṣọ bò ó. Ohun tó fẹ́ kí aráyé máa pe òun ni Alàgbà Dókítà Dáníẹ́lì Akínyẹlé, Olùtọ́jú Ẹ̀mí Àgbà, Òpó Ìtùnú Gbogbo Òkè-Ògùn, Àtùpà Àwọn Arúgbó. Alàgbà yẹn, ìjọ rẹ̀ ló fi jẹ ẹ́. Dókítà yẹn, mi ò mọ ibi tó ti rí i, òun náà kì í sì í sọ. Àwọn tó kù, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó sílé kó wọn fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí òjò ò jẹ́ kó jáde.

Ilé Ìtura ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ipapo. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wo ara níbẹ̀, àwọn alásè ń wo ikùn, wọ́n sì gba Akínyẹlé pé kó máa wo ọkàn. Iṣẹ́ náà ò le. Màmá Adépéjú, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó dá ilé náà sílẹ̀, là á yé e lọ́jọ́ tó gbà á síṣẹ́. Ó ní: "Ẹni tó bá fẹ́ rí pásítọ̀, bá a pe pásítọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àáfà, bá a pe àáfà. Bó bá jẹ́ àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fẹ́, wá wọn wá fún un. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ ẹnì kankan, jókòó tì í kí o panu mọ́." Akínyẹlé gbọ́ gbogbo rẹ̀, àfi èyí tó kẹ́yìn.

Ẹ wá wò ó láàárọ̀. Á wọ agbádá funfun, á gbé okùn aláwọ̀ àlùkò kọ́rùn, á mú ọ̀pá tí wọ́n fi idẹ dé lórí dání. Ṣùkúrù, ọmọọṣẹ́ rẹ̀, á ti ṣáájú pẹ̀lú àga rẹ̀ lórí, á máa pariwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ẹ jí o! Ẹ̀yin àgbà, ẹ jí! Ìtùnú ti dé o!" Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun sùn á sì jí, wọ́n á máa wá ẹni tí wọ́n á bú.

"Ṣùkúrù," Akínyẹlé á bi í, "báwo ni wọ́n ṣe gba ìwàásù mi àná?"

"Ọ̀gá, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Bàbá kan ṣì ń sunkún títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí."

Òótọ́ ni. Eyín ló ń dun bàbá yẹn.

Ìwàásù tó fẹ́ràn jù ni ti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, tó dá wọ igbó lóru, tó sì fi ohùn lásán lé iwin jáde. Lọ́dún èṣí, iwin kan ṣoṣo ni. Nígbà tó fi máa di ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n ti di ọ̀wọ́. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọba wọn ti wà láàárín wọn, ó sì ti ń bẹ Akínyẹlé lórí ìkúnlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan wà títí ìròyìn fi dé pé Màmá Adépéjú àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Wọ́n ń kọ́ ilé mìíràn lọ́wọ́ ní Ṣakí, wọ́n sì fẹ́ yan ẹnì kan tí yóò máa ṣe olórí ìtọ́jú ẹ̀mí nínú ilé méjèèjì. Ọkàn Akínyẹlé kò balẹ̀ mọ́. Ó ti rí ara rẹ̀ nínú mọ́tò tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, tí àwọn èèyàn ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ó kó gbogbo àgbà jọ sí gbọ̀ngàn, ó fi ọ̀pá kanlẹ̀.

"Ẹ̀yin tí mo gbé ẹ̀mí yín lé èjìká mi méjèèjì!" ó ké. "Ẹ̀yin tí mi ò sùn nítorí kí ẹ lè sùn! Lọ́jọ́ tí Màmá bá dé, olúkúlùkù yín yóò dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò pe orúkọ mi àti oyè mi, láìfo ọ̀kan. Àti pé láti òní lọ, àlejò ẹ̀mí kankan ò gbọdọ̀ gba géètì yẹn wọlé mọ́: ì báà ṣe pásítọ̀, ì báà ṣe àáfà, ì báà ṣe ọdẹ. Wọ́n ń tú ọkàn yín ká. Ọjọ́ tí gbogbo ẹnu inú ilé yìí bá pe oyè mi gún régé, lọ́jọ́ náà ni géètì yóò ṣí!"

Ṣùkúrù pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbàlagbà kan béèrè bóyá oúnjẹ ti ń bọ̀.

Ẹ rántí pé iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni láti ṣí géètì.

Nínú yàrá tó kángun sí kànga, Bàbá Ọdẹmúyìwá ń kú lọ. Ọdẹ ni bàbá yìí látilẹ̀wá. Òun àti Jẹ́ẹ́dé ará Ipapo ni wọ́n jọ ń dẹ igbó nígbà èwe wọn, kí ìjà kan tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, tí wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Nǹkan kan ṣoṣo ni bàbá náà ń béèrè báyìí, kì í ṣe oògùn, kì í ṣe oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó fẹ́ bá Jẹ́ẹ́dé sọ kó tó lọ. Ṣèyí, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, ti tẹ Jẹ́ẹ́dé láago. Jẹ́ẹ́dé ò béèrè ohunkóhun, ó gun ọ̀kadà, ó dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní òfin wà, kò jẹ́ kó wọlé. Ni bàbá arúgbó yẹn bá jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò níwájú géètì, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún.

Ṣèyí lọ bá Akínyẹlé. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Jẹ́ẹ́dé tí Bàbá Ọdẹmúyìwá ń béèrè ti dé. Ẹ jẹ́ kó wọlé. Ohùn Bàbá ti ń lọ."

"Ṣé Bàbá ti mọ oyè mi pè?"

"Wọ́n ń kú lọ ni sà."

"Kí wọ́n pè é kí wọ́n tó kú," ni Akínyẹlé wí. Ó ronú díẹ̀, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn le díẹ̀ fún Òpó Ìtùnú. "Ó dáa, kò burú. Èmi fúnra mi yóò lọ tù wọ́n nínú."

Ó lọ lóòótọ́. Ṣùkúrù gbé àga tẹ̀ lé e. Ó jókòó ti bàbá náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn iwin láti ìpìlẹ̀. Bàbá Ọdẹmúyìwá, tó ti wọ igbó ju iye ìgbà tí Akínyẹlé wọ agbádá lọ, gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. "Ẹ jọ̀ọ́... Jẹ́ẹ́dé... bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi sọ fún un pé..."

"Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi ná, Bàbá," ni Akínyẹlé wí.

Ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó gùn. Nígbà tó fi máa wojú bàbá náà, oorun ti gbé e lọ, Akínyẹlé sì sọ fún Ṣùkúrù bí wọ́n ṣe ń jáde pé ìtùnú ọ̀hún mà wọlé o, ṣé ó rí bí arúgbó náà ṣe fọkàn balẹ̀.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, gbogbo ilé kọ́ oyè náà. Arúgbó tó gbàgbé orúkọ ọmọ ara rẹ̀ ti mọ Àtùpà Àwọn Arúgbó. Bí a bá yọ Bàbá Ọdẹmúyìwá tó ń kú lọ kúrò, ó wá ku ẹnì kan. Ìyá Sodiqat ni. Ojú ìyá yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ pé, etí rẹ̀ pé, kò sì sí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló máa ń jókòó ti Bàbá Ọdẹmúyìwá lálaalẹ́, tó ń fún un lómi mu. Bó bá ti kan òun láti pe orúkọ Akínyẹlé, á wólẹ̀ lórí eékún rẹ̀ méjèèjì, á dákẹ́.

"Ẹ pè é!" ni Akínyẹlé wí.

"Mi ò lè pè é ni."

"Kí ni kò jẹ́ kí ẹ lè pè é? Ṣé ó gùn jù ni?"

"Kò gùn. Mi ò kàn lè pè é ni. Ẹ jẹ́ ká yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n ó ṣàlàyé fún yín."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, kí lẹ rò? Ẹ ti mọ̀ ọ́n, àbí? Obìnrin tí wọ́n gbé níyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Orúkọ mìíràn ló máa fún un, tó máa fi í pè é títí ayé. Agboolé kan ní Àgọ́-Àrẹ ni wọ́n gbé Ìyá Sodiqat níyàwó sí, agboolé náà ni wọ́n sì bí Akínyẹlé sí. Lọ́jọ́ tí ìyàwó wọlé, ọmọ náà ti ń sáré kiri àgbàlá. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ nílé ìtọ́jú yìí ló ti mọ̀ ọ́n. Inú rẹ̀ dùn pé ọmọ àwọn dèèyàn ńlá, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ó má baà dà bíi pé ó ń wá ojúure.

Akínyẹlé ní tirẹ̀ kò dá a mọ̀. Ọmọdé ló wà nígbà tí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ tíṣà kan ní Ìlọrin, láti ìgbà náà kò sì padà sí Àgọ́-Àrẹ mọ́. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìlú rẹ̀, á ní Ìbàdàn ni. Ọmọ Yorùbá tó bá rántí ilé, ìkúnlẹ̀ yẹn nìkan ti tó láti fi yé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ibo ló ti máa rántí ilé?

"Kò sí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ lọ́dọ̀ Òpó Ìtùnú," ó wí. "Ohun tí ẹ bá fẹ́ sọ, ẹ ó sọ ọ́ níwájú Màmá àti gbogbo ìgbìmọ̀. Bí ẹnu yín bá sì ṣì dí, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ti géètì mọ́ Jẹ́ẹ́dé."

"Ẹ jẹ́ kí Jẹ́ẹ́dé wọlé ná," ni ìyá náà ń bẹ̀ ẹ́, "kí ẹ wá fìyà jẹ èmi."

Ó ti kọjá lọ. Ìyá Sodiqat wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ títí Ṣèyí fi wá gbé e dìde. Ó sunkún lọ́jọ́ náà. Ó gbìyànjú nínú yàrá rẹ̀ pé kí òun kàn pe orúkọ ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan, nítorí ẹni tó ń kú lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, bí ẹnu yín náà yóò ṣe kọ̀ bí wọ́n bá ní kí ẹ pe bàbá yín lórúkọ.

Ọjọ́ pé, Màmá Adépéjú dé. Bí mọ́tò wọn ṣe fẹ́ wọlé, wọ́n rí èrò níwájú géètì: Jẹ́ẹ́dé lábẹ́ igi, àáfà kan pẹ̀lú kẹ́tùlù rẹ̀, àwọn obìnrin ìjọ tí wọ́n mú ìwé orin dání.

"Ta ni àwọn wọ̀nyí?" ni Màmá bi Akínyẹlé tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

"Wọ́n wá kí yín káàbọ̀ ni, Màmá."

Màmá juwọ́ sí wọn. Àáfà náà juwọ́ padà, kò mọ ohun tí yóò tún ṣe.

Nínú gbọ̀ngàn, ayẹyẹ gbóná. Àwọn àgbà ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pe oyè. Bàbá kan tí kò ríran dáadáa kọjú sí dírẹ́bà Màmá, ó ka gbogbo rẹ̀ sí i létí láìfo ọ̀kan, dírẹ́bà náà sì ní "Àmín." Ìyá mìíràn kà á dé ìdajì, ó sùn lọ lórí ìdúró. Màmá Adépéjú fọwọ́ lérán. Akínyẹlé rò pé orí rẹ̀ ló wú. Ó gba máíkì, ó sọ ìtàn iwin, ó fi kún un pé láti ìgbà náà, ẹ̀rù ohunkóhun kò tíì ba òun rí láyé. Lẹ́yìn náà ló wá na ọ̀pá sí Ìyá Sodiqat.

"Màmá, ẹ wo obìnrin yìí. Òun nìkan ló ṣagídí nínú gbogbo ilé. Ó ní òun lọ́rọ̀. Mo ní kó sọ ọ́ níwájú yín."

Ìyá Sodiqat dìde, Ṣèyí dì í mú. "Mi ò lè pe orúkọ yín," ó wí. "Mo bá yín nílé ni, ní Àgọ́-Àrẹ. Èyí tí èmi fún yín nìkan ni mo lè pè. Ṣé kí n pè é?"

Akínyẹlé gbọ́ Àgọ́-Àrẹ. Ṣùgbọ́n máíkì wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ìgbìmọ̀ ń wò ó, ó sì rò pé kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn ju oríyìn lọ. "Ẹ pè é!" ó wí. "Ẹ pè é sókè kí gbogbo ayé gbọ́!"

"Májẹ̀ẹ́ndásùn, ọkọ mi," ni Ìyá Sodiqat wí.

"Kí ló fa irú orúkọ bẹ́ẹ̀?" ni Màmá Adépéjú béèrè.

"Òwìwí ni, Màmá. Ẹ̀rù òwìwí máa ń bà wọ́n. Bí òwìwí bá ti ké báyìí, wọ́n á ká ẹní wọn, wọ́n á wá kan ilẹ̀kùn mi. 'Ìyàwó, má jẹ̀ẹ́ kí n dá sùn o.' Baálé mi á ní kí n lé wọn padà, n ó ní rárá. Wọ́n á di etí aṣọ mi mú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n ti tó ọmọ ọdún méje nígbà yẹn."

Dírẹ́bà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni gbogbo gbọ̀ngàn, títí kan ìyá tó ń sùn lórí ìdúró. Ọ̀wọ́ iwin, ọba iwin, ìkúnlẹ̀ ẹ̀bẹ̀, gbogbo rẹ̀ di ẹyẹ kan ṣoṣo lórí igi. Akínyẹlé ń pariwo pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni, pé ara ìyá náà ò yá, pé kí wọ́n gbé e wọlé. Àgbà kan ní ẹ̀yìn ti ń ké bí òwìwí.

Ìyá Sodiqat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Mi ò pè é kí wọ́n fi yín ṣẹ̀sín," ó wí. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n pè é. Ẹ̀rù tó ń bà yín nígbà yẹn náà ló ń ba Bàbá Ọdẹmúyìwá báyìí. Mo ṣílẹ̀kùn fún yín, Májẹ̀ẹ́ndásùn. Jẹ́ẹ́dé ti ń jókòó níwájú géètì láti ọjọ́ yìí. Èwo ni pé kí bàbá yẹn dá kú?"

Ẹ̀rín tán.

"Jẹ́ẹ́dé wo? Géètì wo?" ni Màmá béèrè. Ṣèyí sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú Màmá ń dúdú sí i. Ṣùkúrù, tó ti rí ibi tí ayé ń dorí kọ, gbé àga ọ̀gá rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn Màmá.

"Màmá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún un," ó wí. "Mo ní, ọ̀gá, èyí ò dáa."

Kò sọ nǹkan kan fún un rí láyé yìí.

Màmá Adépéjú gba ọ̀pá lọ́wọ́ Akínyẹlé, ó gbé e ti ògiri bí ẹni gbé ìgbálẹ̀. "Mo rán ọ níṣẹ́ kan péré," ó wí. "Kò sí Ṣakí fún ọ, Akínyẹlé, kò sì sí Ìsẹ́yìn náà mọ́. Ṣùgbọ́n má tíì lọ ibì kankan. Ìwọ lo máa mú Jẹ́ẹ́dé wọlé."

Ó lọ mú un wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí géètì, láìsí ẹni tó ń ṣáájú pariwo. Jẹ́ẹ́dé ò bá a sọ̀rọ̀. Bàbá arúgbó náà wọ yàrá, ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó gbá ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. "Èmi ni," ó wí. "Èmi Jẹ́ẹ́dé ni. Mo ti dé."

Bàbá Ọdẹmúyìwá la ojú. Ó mọ̀ ọ́n. Ètè rẹ̀ ń mì. Jẹ́ẹ́dé gbé etí súnmọ́ ọn, ó tún súnmọ́ ọn sí i, ṣùgbọ́n ohùn ti lọ, èémí nìkan ló kù. Ó ń gbìyànjú, ó ń gbìyànjú, omi ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tí Jẹ́ẹ́dé rí i pé kò ní ṣe é ṣe, ó ní kó má ṣe wàhálà mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìjálá fún un jẹ́jẹ́. Ìyá Sodiqat di ẹsẹ̀ Bàbá mú. Kí oòrùn tó wọ̀, Bàbá ti lọ.

Jẹ́ẹ́dé pa ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé. Ó gbé fìlà rẹ̀ dé orí, ó sì yíjú sí Akínyẹlé tó fara ti òpó ilẹ̀kùn.

"Nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ kan wà tó fẹ́ bá mi sọ," ó wí. Kò bínú, ó kàn ń béèrè ni. "Wọ́n ní ìwọ lo jókòó tì í nígbà tó ṣì ní ohùn. Kí ló ní kí o sọ fún mi?"

Akínyẹlé la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Jẹ́ẹ́dé dúró, ó ń wo ẹnu rẹ̀.